Ìpara Inú Páálí Funfun

"Kò sí," ni apòògùn wí. Wọn ò tilẹ̀ gbójú sókè kúrò lára ìwé dókítà tí mo fún wọn. "Ó ti lé ní oṣù méjì tí wọ́n ti kó ìpara yìí wá gbẹ̀yìn. Kò sí kẹ́mísì tí o ti lè rí i báyìí."

Mo wo pẹpẹ tó wà lẹ́yìn wọn. Oògùn tò síbẹ̀ láti ilẹ̀ dé òkè àjà. Gbogbo oògùn ayé ló wà níbẹ̀, àfi ọ̀kan ṣoṣo tí èmi wá rà? Inú mi sọ fún mi pé, "Ọmọ, la ojú rẹ."

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ irú ẹni tí mo jẹ́ fún yín. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni wọ́n ń pè mí nílé. Bí ẹnì kan bá pè mí lórí fóònù pé òun ti wà lójú ọ̀nà, n óò ní kó jẹ́ kí n gbọ́ ariwo ọkọ̀. Bí wọ́n bá fún mi ní búrẹ́dì, mo máa ń yí i wò lẹ́yìn kí n tó bù ú jẹ. Àwọn àgbà ní ìfura loògùn àgbà. Èmi ò tíì dàgbà, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí mo ti ń lo oògùn yẹn.

Ọ̀rọ̀ àbúrò mi obìnrin ló gbé mi dé kẹ́mísì. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni. Aláròyé ni a ń pè é, torí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ó ní àìsàn awọ kan. Kì í ràn, dókítà ti sọ bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá ń sá fún un. Ṣùgbọ́n bó bá ti dé, awọ ọwọ́ rẹ̀ á gbẹ, á máa yún un, àárín ìka rẹ̀ á máa là, ẹ̀jẹ̀ á sì máa yọ. Ìpara kan ni dókítà máa ń kọ fún un. Páálí rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ búlúù, ó ní ìlà pupa kan, wọ́n sì kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà sí i lára. Bí a bá fi í pa á láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, ọwọ́ ti jinná nìyẹn.

Lọ́tẹ̀ yìí, ìpara ti tán, àìsàn ti dé, ìdánwò àtiwọ ilé ẹ̀kọ́ girama sì ku ọjọ́ méjìlá péré. Ó ti lé lọ́dún kan tí Aláròyé ti ń kàwé sílẹ̀ de ìdánwò yìí, kò sì lè di bírò mú. Ó ń fi ẹnu ṣe ìṣirò, èmi ń bá a kọ ọ́ sílẹ̀. Àánú rẹ̀ ń ṣe mí gidigidi.

Màmá wa ìbá lọ fúnra wọn, ṣùgbọ́n aránṣọ ni wọ́n, iṣẹ́ ilé ìtajà ńlá kan sì wà lọ́rùn wọn lọ́sẹ̀ náà. Ìṣe ilé ìtajà yẹn ni pé bí Màmá bá rán aṣọ tán, wọ́n á lẹ orúkọ tiwọn mọ́ ọn lọ́rùn, àwọn èèyàn á sì máa du ú. Bí Màmá bá wá ta irú aṣọ kan náà fún aládùúgbò láìsí orúkọ lọ́rùn, wọ́n á máa fà á tìfura-tìfura. "Ṣé kò ní tú ṣá?" Inú máa ń bí mi sí wọn débi pé n óò fẹ́ gba aṣọ náà padà.

"Ìwọ ni mo lè rán," ni Màmá wí láìgbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ, "torí kò sẹ́ni tó lè rẹ́ ọ jẹ. Tí kò bá sí èyí tí a mọ̀, bi apòògùn bóyá irú rẹ̀ mìíràn wà. Tí wọ́n bá ní ó wà, gbà á bọ̀. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Màmá."

Ìdí nìyẹn tí mo fi béèrè lọ́wọ́ apòògùn lọ́jọ́ náà pé, "Ẹ jọ̀ọ́ Mà, ṣé irú rẹ̀ mìíràn wà?"

Wọ́n bọ́ awò ojú wọn. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni wọ́n, irun wọn ti ń funfun lẹ́bàá etí. "Ìbéèrè gidi lo béèrè yẹn," ni wọ́n wí. "Jẹ́ kí n wò ó."

Wọ́n wọ yàrá ẹ̀yìn, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n kò pa dé tán. Mo na ọrùn. Mo rí wọn tí wọ́n gbé fóònù sétí, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Èwo ni ti wúyẹ́wúyẹ́ nínú ọ̀rọ̀ oògùn títà? Wọ́n mi orí, wọ́n kọ nǹkan sórí ìwé pélébé kan. Nígbà tí wọn óò fi jáde, páálí funfun kékeré kan ti wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń fi apá aṣọ nu eruku ara rẹ̀.

"Òun nìyí," ni wọ́n wí. "Oògùn kan náà ni."

Páálí funfun! Kò sí búlúù, kò sí ìlà pupa. Orúkọ gígùn kan tó ṣòro ó pè ni wọ́n kọ sí i, lẹ́tà rẹ̀ tín-ín-rín bíi ti ẹni tó ń tijú.

"Kí ló dé tí orúkọ rẹ̀ fi yàtọ̀?"

"Orúkọ tí ilé iṣẹ́ àkọ́kọ́ fún tiwọn ni ẹ mọ̀. Àwọn mìíràn náà ti ń ṣe oògùn yẹn báyìí. Jẹ́ kí n fi hàn ọ́ lára..."

"Kí ló dé tí eruku wà lára rẹ̀?"

"Kì í ṣe èyí ni àwọn èèyàn máa ń béèrè, èyí tí wọ́n ti mọ̀ ni wọ́n máa ń fẹ́."

Ẹ ò rí i? Kò sẹ́ni tó ń rà á! Mo ti dá ẹjọ́ náà tán nínú ara mi. "Ta ni ẹ sì ń bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù?"

Apòògùn rẹ́rìn-ín. "Ìwọ ọmọ yìí! Jókòó síbẹ̀ yẹn. Fún mi ní ìṣẹ́jú márùn-ún péré, n óò ṣàlàyé gbogbo rẹ̀." Bàbá kan tó ń wúkọ́ ti wọlé, wọ́n sì yíjú sí i.

Ìṣẹ́jú márùn-ún kẹ̀? Wọ́n fẹ́ lọ wá irọ́ tó máa bá páálí funfun mu ni. Mo yọ ìwé dókítà wa lórí tábìlì, mo tì í bọ àpò, mo sì bọ́ síta. Mo gbọ́ tí wọ́n ń pè mí pé, "Ọmọ mi, dúró!" Mi ò wẹ̀yìn.

Ṣọ́ọ̀bù aṣerunlóge kan wà ní ìkángun òpópónà wa. Àǹtí Dídán ni a ń pe ẹni tó ni ín, torí ara rẹ̀ máa ń dán gbinrin. Kò fi bẹ́ẹ̀ jù mí lọ. Ó ń di irun oníbàárà kan lọ́wọ́ nígbà tí mo ń kọjá.

"Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́! Kí ló le ojú rẹ koko báyìí?"

Mo rò fún un. Kò tíì jẹ́ kí n dé ìdajì tó fi pàtẹ́wọ́.

"Páálí funfun? Háà! Ìwọ tí ojú rẹ là báyìí? Wọn ò mọ irú ẹni tí wọ́n ń bá ṣe! Ọmọ mìíràn ni, á ti gbà á." Inú mi dùn ṣìnkìn. Ta ni inú rẹ̀ ò ní dùn? "Orúkọ wo ni dókítà kọ fún yín?"

Mo dárúkọ ńlá tó wà lórí ìwé. Ó na ọwọ́ sábẹ́ àga, ó fa àpò ọ̀rá dúdú kan jáde, ó túlẹ̀ láàárín kóòmù àti irun àlẹ̀mọ́. Ohun tó mú jáde nìyẹn: páálí búlúù, ìlà pupa, orúkọ gàdàgbà.

"Ojúlówó pọ́ńbélé," ó ní. "Ẹnì kan ló máa ń bá mi mú un wá. Má sọ fún ẹnikẹ́ni o."

Ká ní apòògùn ló ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni ni, ǹ bá ti fi igbe bọnu. Ṣùgbọ́n ẹni tó pè mí lọ́lọ́gbọ́n ló sọ ọ́, ọ̀rọ̀ náà sì dùn létí mi. Mi ò béèrè ibi tí ẹni náà ti ń rí i. Mi ò yí páálí yẹn wò lẹ́yìn. Mo sanwó, mo gba nǹkan mi, mo ń yan lọ sílé.

"Ṣé apòògùn ló fún ọ?" Ohun àkọ́kọ́ tí Màmá béèrè nìyẹn. Oògùn tí kò bá ti kẹ́mísì wá kì í wọ ilé wa. Bí mo bá sọ òótọ́, wọ́n á ní kí n lọ dá a padà, ìdánwò sì ń sún mọ́lé.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Apòògùn ni."

Irọ́ náà jáde lẹ́nu mi wọ́ọ́rọ́wọ́. Màmá wo páálí búlúù, wọ́n sì mi orí tìdùnnú-tìdùnnú. "Mo mọ̀ pé o ò ní gba ìgbàkugbà."

Ẹ bá mi wo ọjọ́ kẹta! Ọwọ́ Aláròyé ń dán. Kò yún un mọ́. Ó di bírò mú, ó sì kọ ojú ìwé mẹ́ta láìdúró, ẹnu rẹ̀ ń lọ bí omi ẹ̀rọ. Mo gba iwájú kẹ́mísì kọjá lọ́jọ́ náà, mo sì wo apòògùn bí ẹni ń wo olè tí ọwọ́ tẹ̀. Wọ́n na ọwọ́ sí mi láti inú ilé pé kí n wá. Mo yára ẹsẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ karùn-ún, mi ò gbọ́ ohùn Aláròyé. Ilé wa kì í dákẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo wọ yàrá, mo bá a lórí ìjókòó, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, kò jẹ́ kó kan nǹkan kan. Ọwọ́ náà pọ́n, ó wú, awọ rẹ̀ ń bó, omi sì ń sun láàárín ìka.

"Ó ń jó mi bí iná," ó ní.

Màmá wò ó lẹ́ẹ̀kan, wọ́n gbá páálí búlúù mú, wọ́n fi ìborùn gbájá. "Apòògùn yẹn! Òní ló máa mọ̀ pé ọmọ èèyàn ni mo bí!"

"Màmá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ dókítà."

"A máa débẹ̀. Ọ̀nà kẹ́mísì la máa gbà."

Mo ní n óò sọ ọ́ tí a bá dé iwájú ṣọ́ọ̀bù oníbàtà. A kọjá ibẹ̀. Mo ní n óò sọ ọ́ ká tó sọdá títì. A sọdá.

Èèyàn bíi mẹ́fà ló wà ní kẹ́mísì. Màmá ju páálí sórí tábìlì, wọ́n gbé apá Aláròyé sókè kí gbogbo ayé lè rí i.

"Ẹ wá wo iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin yìí! Ayédèrú ló ń tà! Ẹ má ra nǹkan kan níbí o, tí ẹ bá fẹ́ràn ọmọ yín!"

Obìnrin kan tó gbé ọmọ pọ̀n dá ìgò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ padà sórí pẹpẹ kíá. Bàbá kan ní òun náà ti ń fura sí oògùn ikọ́ tí wọ́n tà fóun láti ọjọ́ yìí, pé kò korò tó. Ẹ̀rù bà mí nígbà tí mo gbọ́ ìyẹn. Irọ́ mi ti ń bímọ.

Apòògùn kò bínú. Ọwọ́ Aláròyé ni wọ́n kọ́kọ́ wò, wọ́n rọra yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. "Ta ló fi nǹkan báyìí pa ọmọ lára?"

"Ìwọ ni!" Màmá ti gbàgbé pé ẹ̀yin ni wọ́n máa ń pe apòògùn tẹ́lẹ̀.

"Ìyá, èmi kọ́ ni mo ta ìpara yìí. Mi ò ta nǹkan kan fún ọmọ yín lọ́jọ́ náà. Ó fi mí sílẹ̀ lórí ìdúró ni, ó sì lọ."

"Ṣé ọmọ mi lò ń pè ní òpùrọ́?" Màmá na ìka sí mi. "Ọmọ yìí lè fura sí òjìji ara rẹ̀, mo gbà. Ṣùgbọ́n kì í purọ́! Láti ọjọ́ tí mo ti bí i, kò purọ́ fún mi rí. Sọ fún wọn! Sọ ibi tí o ti rà á!"

Gbogbo ojú yí sí mi. Apòògùn náà wò mí. Ká ní wọ́n bú mi ni, ìbá sàn.

"Lọ́dọ̀ Àǹtí Dídán ni."

Ohùn mi kéré débi pé Màmá ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ọwọ́ wọn wálẹ̀. Wọ́n wò mí bí ẹni tó ń wá ẹnì kan lójú mi tí kò rí i. Lẹ́yìn náà, wọ́n yíjú sí apòògùn, omi lé ròrò sójú wọn. "Ẹ foríjì mí. Ẹ jọ̀ọ́. Mo ti bà yín jẹ́ níwájú àwọn èèyàn yín." Ìtìjú bò mí mọ́lẹ̀. Èmi ni mo ṣẹ̀, Màmá ló ń tọrọ àforíjì.

Apòògùn gbé páálí búlúù. "Orúkọ gàdàgbà yìí ni ilé iṣẹ́ fi ń tajà," ni wọ́n sọ fún mi. "Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ orúkọ oògùn gan-an sí, ní lẹ́tà kékeré. Wò ó, ṣé o rí nǹkan kan níbẹ̀?"

Mi ò rí nǹkan kan. Ibẹ̀ ṣófo.

"Mi ò lè sọ ohun tí wọ́n pò sínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti rí irú rẹ̀ rí: á mú ara dán fún ọjọ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà á máa jó o." Wọ́n mú páálí funfun jáde láti abẹ́ tábìlì. Ìwé pélébé ọjọ́sí ṣì wà lára rẹ̀, wọ́n ti kọ bí a ṣe máa fi pa ọmọ sí i. "Ka orúkọ tó wà lára èyí. Níbo ni ìwé dókítà wà?"

Mo yọ ìwé náà. Lábẹ́ orúkọ ńlá tí mo ń kà láti ìgbà yìí wá, dókítà ti kọ orúkọ gígùn tó ṣòro ó pè yẹn. Lẹ́tà kan ò yàtọ̀. Inú àpò mi ni ìdáhùn wà látọjọ́ yìí.

"Dókítà yín ni mo pè lórí fóònù," ni apòògùn wí. "Irú ìpara kan náà lè wà, kí ọ̀kan lágbára ju èkejì lọ. Mo fẹ́ mọ èyí tó tọ́ sí ọmọ. Ó ní èyí gan-an ni."

"Aṣọ tí kò ní orúkọ lọ́rùn," ni Màmá wí, bí ẹni ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. "Ìwọ, ọmọ aránṣọ!" Wọ́n sanwó páálí funfun náà, a sì gba ọ̀dọ̀ dókítà lọ.

Dókítà di ọwọ́ méjèèjì. Ó ní ìpara kankan ò gbọ́dọ̀ kàn án títí egbò á fi san. Lọ́jọ́ ìdánwò, mo bá ọ̀gá tó ń bójú tó o, mo bẹ̀ wọ́n pé kí Aláròyé máa pè é, kí n máa bá a kọ ọ́.

Ọ̀gá wò mí láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. "Báwo la ṣe máa mọ̀ pé ìdáhùn tirẹ̀ lo ń kọ?"

Bó bá jẹ́ èmi ni ọ̀gá, ohun tí n óò béèrè náà nìyẹn. Wọn ò gbà. Aláròyé kọ ọ́ fúnra rẹ̀ tòun ti báńdéèjì lọ́wọ́. Mo ń wò ó láti ojú fèrèsé, ó ń kọ, ó ń sinmi, ó ń gé ètè jẹ. Nígbà tí agogo lù, ojú ìwé méjì tó gbẹ̀yìn ṣófo. Ìṣirò ni, ohun tó mọ̀ jù lọ láyé. Nígbà tí èsì jáde, orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ó di ọdún tó ń bọ̀.

Àwọn aláṣẹ tó ń gbógun ti ayédèrú oògùn ti lọ kó àpò ọ̀rá abẹ́ àga Àǹtí Dídán. Màmá sì mú mi káàkiri ọ̀dọ̀ àwọn tó gbọ́ ariwo wọn ní kẹ́mísì, kí n fi ẹnu ara mi sọ pé irọ́ ni mo pa. Obìnrin tó gbé ọmọ pọ̀n lọ́jọ́ náà ń wò mí ṣáá. Ọmọ rẹ̀ ti ṣàìsàn ọjọ́ méjì láìlo oògùn tó dá padà, kó tó wá rà á.

Nígbà tí egbò san, dókítà ní ká bẹ̀rẹ̀ ìpara inú páálí funfun. Mo fọ ọwọ́ mi, mo tẹ díẹ̀ síka, mo jókòó ti àbúrò mi. Tẹ́lẹ̀, kò ní gbójú kúrò nínú ìwé tó ń kà, á kàn na ọwọ́ sí mi ni. Lọ́jọ́ yìí, ó fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló fún yín ní èyí?"

"Apòògùn ni."

Ó wò mí lójú. Kò bínú, kò pariwo. "Ohun tí ẹ sọ nígbà yẹn náà nìyẹn."

Ó pe Màmá. Màmá wá láti ìdí ẹ̀rọ wọn, wọ́n gba páálí, wọ́n kà á, wọ́n mi orí sí i. Ìgbà yẹn ló tó na ọwọ́ sí mi. Mo fi ìpara pa á, omi ń bọ́ lójú mi, mi ò sì lè nù ún.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mi ò ní kí ẹ má fura. Ayédèrú pọ̀ láyé, ẹ béèrè dáadáa. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá béèrè, ẹ dúró gbọ́ ìdáhùn, kí ẹ sì bi ẹni tó ń yìn yín ní ìbéèrè tí ẹ bi ẹni tí kò yìn yín. Èmi bi ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ní ìbéèrè, mi ò dúró. Mi ò bi ẹni tó pè mí lọ́lọ́gbọ́n ní ẹyọ kan. Lẹ́yìn náà ni mo wá fi irọ́ bò ó, irọ́ yẹn ló sì burú jù. Ọwọ́ Aláròyé jinná láàárín ọjọ́ mẹ́jọ. Títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, bí mo bá fún un ní nǹkan, ojú Màmá ló máa ń kọ́kọ́ wò kó tó gbà á.